Ojúlówó Ni àbí Ayédèrú? Ìbéèrè Yín Lórí Bàtà Kánfáàsì

Lẹ́tà tó wọlé lórí kánfáàsì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sneakers, pọ̀ débi pé a ya gbogbo ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún un lóṣù yìí. Méje la mú nínú wọn. Ohùn wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè: báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbejì mi ń bẹ̀ mí pé kí n ra Air Force 1 funfun fún àwọn. Ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ ní ojúlówó ni tòun, ẹlòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní ojúlówó ni tòun, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n pè jìn síra gan-an. Kí ni kí n wò lára bàtà kí n tó sanwó?

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, ẹ ó jèrè wọn. Ọdún 1982 ni Nike kọ́kọ́ gbé Air Force 1 jáde, Bruce Kilgore ló sì ya á. Èyí tó funfun látòkè délẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, òun náà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù lọ. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún yín: bàtà funfun kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó yí síta, òwú tó wọ́, awọ tó fún jọ, gbogbo rẹ̀ ló máa ń hàn lára funfun, pàápàá tí ẹ bá gbé e jáde kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú oòrùn.

Orí lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló yá jù. Ẹ tú okùn, kí ẹ wo inú ahọ́n bàtà tàbí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Ẹ máa rí kóòdù kan níbẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà 6, dáàṣì kan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 3. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ irú bàtà tó jẹ́, mẹ́ta ìkẹyìn ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Air Force 1 '07 funfun ti ọkùnrin ni CW2288-111. Dúdú rẹ̀ ni CW2288-001. Funfun ti obìnrin ni DD8959-100. Ti àwọn ọmọ tó ti ń dàgbà ni DH2920-111. Èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú ti ọkùnrin lè máa jẹ́ 315122-111, òun náà kì í ṣe irọ́.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ayédèrú ti ń ṣubú. Ẹni tó ń ṣe é kò ráyè ìyàtọ̀ kankan, CW2288-111 ló máa tẹ̀ sára gbogbo sáìsì látorí tọmọdé dórí tàgbà. Tí ẹsẹ̀ àwọn ìbejì bá jẹ́ UK 3, tí lébẹ́ẹ̀lì sì ń pe CW2288-111, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kóòdù bàbá wọn ló wà lára bàtà ọmọ yẹn. Ẹ tẹ kóòdù náà sínú Google níbẹ̀, kí ẹ fi àwòrán tó bá jáde wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo ìlà sáìsì. Lára Nike ọkùnrin, US 9 ni UK 8, òun ni EUR 42.5, òun náà ni CM 27. US 10 ni UK 9, EUR 44, CM 28. Tí ẹ bá rí US 9 tí wọ́n kọ EUR 43 tì í, ẹni tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì yẹn kò mọ ohun tó ń tẹ̀. Kóòdù, sáìsì àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe bàtà gbọ́dọ̀ bára mu níbi mẹ́ta: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, àti ara páálí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló máa ń kó bàtà sínú páálí tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ má sì gbà tí wọ́n bá ní páálí kò ṣe nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ojúlówó ni bàtà náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti gba ẹ̀rí kan lọ́wọ́ yín, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Lébẹ́ẹ̀lì tó pé pérépéré lè wà lára bàtà tí kò pé, nítorí ohun tí wọ́n tẹ̀ ni, ohun títẹ̀ sì rọrùn láti jí. Iṣẹ́ ọwọ́ ló nira láti jí. Ẹ gbé bàtà méjèèjì sórí tábìlì, kí imú wọn kọjú sí yín. Imú ojúlówó máa ń rọra lọ sílẹ̀ síwájú. Ti ayédèrú sábà máa ń wú sókè bíi búrẹ́dì tí yíìsì rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wo àwọn ihò kéékèèké orí imú náà. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ la awọ òkè já, kí etí rẹ̀ mọ́, kí ìlà wọn sì tọ́. Lára ayédèrú, ẹ máa rí èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò lu, àti èyí tí awọ rẹ̀ ṣì ń fì lẹ́nu ihò. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì wé ẹsẹ̀ ọ̀tún: kí ìlà méjèèjì jọra bí ìbejì.

Ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi òwú kọ NIKE àti AIR. Lára ojúlówó, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Lára ayédèrú, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń so lẹ́tà kan mọ́ èkejì, torí pé ẹ̀rọ kò dúró gé e kó tó kọjá sí lẹ́tà tó kàn.

Èyí tó kàn yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù. Ẹ yẹ ara sóòlù wò, níbi tí rọ́bà ti ká ara bàtà mọ́. Ìrán kan wà tó yí i ká nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ. Òwú gidi ni ti ojúlówó: èékánná yín á máa kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i pé òwú ló ń wọlé tó ń jáde lára rọ́bà náà. Lára ayédèrú olówó pọ́ọ́kú, rọ́bà lásán ni wọ́n fi mọ́ọ̀dù yọ láwòrán òwú, gọ́ọ̀mù nìkan ló sì di sóòlù mú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìrán yẹn ni kì í jẹ́ kí sóòlù ṣí lẹ́nu nígbà tí òjò bá pa bàtà tí ọmọ sì ń fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ rọra ká ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà sókè láti ìdí gìgísẹ̀. Tí gọ́ọ̀mù bá dì í mú gan-an, ẹ má fi agbára fà á. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí aṣọ líle kan tí wọ́n rán mọ́ ara bàtà yípo, òwú etí rẹ̀ ń lọ ṣégeṣège bí etí aṣọ tí télọ̀ fi ẹ̀rọ dí kó má baà tú. Níbi tí ẹ bá ti rí páálí àti gọ́ọ̀mù tó dì gbà-ǹ-gbà, ẹ fura. Ẹ tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Gbogbo bàtà tuntun ló ń rùn díẹ̀, àmọ́ òórùn gọ́ọ̀mù tó ń ta imú títí dé ojú kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá, nítorí pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi omi pò ni wọ́n ń lò jù nísinsìnyí.

Ní ti owó, Air Force 1 '07 ti àgbà ju $100 lọ ní Amẹ́ríkà, ó ju £100 lọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọmọdé dínwó díẹ̀. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí sọ ọ́ di náírà, kí ẹ ro owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà mọ́ ọn. Tí ẹni tó ń tà á bá pe ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn fún bàtà tuntun inú páálí, ayédèrú ni, ẹ má wulẹ̀ dúnàá-dúràá. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀wọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan mọ̀ pé oníbàárà ń fi owó gọbọi díwọ̀n òótọ́, wọ́n á sì pe ayédèrú ní iye ojúlówó.

Àbùkù kan ṣoṣo kò tó láti dájọ́. Ojúlówó náà máa ń ní gọ́ọ̀mù díẹ̀ tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí òwú kan tó gùn jù. Ìgbà tí àbùkù bá di mẹ́ta, mẹ́rin, tó sì wà lára ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́nà tó yàtọ̀ síra, ni kí ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀: Ẹni tó fẹ́ ta Dunk Panda ti Nike fún mi ní kí n fi fóònù yẹ báàkóòdù ara páálí wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ bàtà náà gan-an ló jáde. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí náà nìyẹn?

Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ni báàkóòdù. Ẹni tó bá ya fọ́tò páálí ojúlówó kan lè tẹ báàkóòdù yẹn sára ẹgbẹ̀rún páálí, fóònù yín á sì máa pe orúkọ tó tọ̀nà fún gbogbo wọn. Ohun tí báàkóòdù lè ṣe fún yín ni láti tú àṣírí òpònú: tó bá pe orúkọ bàtà míì, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Tó bá pe orúkọ tó tọ́, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

Déètì ló lè ràn yín lọ́wọ́ jù. Dunk Low dúdú àti funfun tí ẹ ń pè ní Panda, DD1391-100 ni kóòdù rẹ̀, ọdún 2021 ló sì jáde sọ́jà. Nike máa ń tẹ déètì tí wọ́n ṣe bàtà sára lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí Panda tí déètì rẹ̀ ń sọ 2016, àwọn tó ṣe é da lébẹ́ẹ̀lì bàtà míì kọ ni. Ẹ gba fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ bá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má jẹ́ kí táàgì aláwọ̀ ewé StockX tó ń fì lára bàtà tàn yín. Ilé-iṣẹ́ yìí wà ní Detroit, ó máa ń gba bàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á. Táàgì náà fúnra rẹ̀ ti ní ayédèrú. Ìyẹn nìkan kọ́: ní 2022, Nike sọ nílé ẹjọ́ pé òun ra bàtà mẹ́rin tó jẹ́ ayédèrú látorí StockX. Nígbà tí ayédèrú bá lè yọ́ kọjá lójú àwọn tó fi yíyẹ bàtà wò ṣiṣẹ́ jẹ, táàgì nìkan kò lè dúró bí ẹlẹ́rìí fún yín.

Ẹ̀gbọ́n, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Mo fẹ́ ra adidas Samba méjì lórí Instagram, kí n fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Èkó. £45 lẹni náà ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fi PayPal san án lábẹ́ Friends and Family kí wọ́n má baà yọ owó lórí rẹ̀. Ṣé kí n tẹ̀síwájú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Samba OG tó nǹkan bíi £90 ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀dínwó lè mú un wálẹ̀ ní òpin àsìkò, àmọ́ £45 lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, fún gbogbo sáìsì, kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ọ̀nà tó ní kí ẹ gbà sanwó tún burú ju iye náà lọ. PayPal kì í dáàbò bo owó tí ẹ bá fi Friends and Family san, nítorí pé ẹ ti sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ni ẹ fún lówó. Goods and Services ni kí ẹ lò, tí ẹni náà bá sì kọ̀, ẹ ti rí èsì tí ẹ ń wá.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé káàdì kírẹ́díìtì tó. Òfin Consumer Credit Act 1974, Section 75, ló mú kí bánkì pín ẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó tajà, ṣùgbọ́n ọjà tí iye rẹ̀ ju £100 lọ nìkan ló kàn. Samba kan kò tó bẹ́ẹ̀, ríra méjì pọ̀ kò sì yí i padà, torí iye ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Chargeback, ìyẹn kí bánkì gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó tajà, ni ẹ máa bẹ bánkì fún nírú ọ̀ràn yìí. Tó bá jẹ́ ọlọ́jà gidi ló tà á, Consumer Rights Act 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà, kí ẹ gba gbogbo owó yín. Torí náà, ẹ tú u wò nílé yín ní Peckham kí ẹ tó dì í sínú káágò. Bàtà tó bá ti dé Èkó, tí ẹ̀san rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wàhálà méjì ni.

Bí ẹ ṣe máa yẹ Samba wò nìyí. Kóòdù adidas kì í rí bíi ti Nike, lẹ́tà àti nọ́ńbà 6 ni, kò sí dáàṣì: Samba OG funfun onílà dúdú ni B75806, dúdú onílà funfun ni B75807. Ẹ ka nọ́ńbà gígùn tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún. Lára adidas, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Tí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà délẹ̀, àmì tó lágbára ni pé lébẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n tẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Sáìsì tún wà. US 9 ti ọkùnrin lára adidas ni UK 8½, nọ́ńbà Yúróòpù rẹ̀ sì ni 42⅔. Ìdá mẹ́ta ni adidas fi ń pín sáìsì Yúróòpù: 42, 42⅔, 43⅓, 44. Samba tí wọ́n kọ 42.5 sí, ìṣirò Nike ni wọ́n fi ṣe é.

Lára bàtà fúnra rẹ̀, ẹ sún mọ́ ìlà mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Etí ìlà náà gé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí eyín ayùn, eyín kọ̀ọ̀kan sì ṣe déédéé pẹ̀lú èkejì. Lára ayédèrú, eyín máa ń tóbi, kéré, tóbi, tàbí kí ìrán gba orí eyín kọjá. Awọ onírun tó wà lórí imú gbọ́dọ̀ yí àwọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi ìka pa á síwá, kó tún padà tí ẹ bá pa á sẹ́yìn. Èyí tí kò mì rárá, rọ́bà tí wọ́n fọ́n nǹkan sí lára ni. Ọ̀rọ̀ SAMBA aláwọ̀ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà máa ń tètè ṣí kúrò lára ojúlówó pàápàá, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn dá tòkunbọ̀ lẹ́bi.

Oníbàárà Katangúà, Abúlé Ẹ̀gbá: Mo ra Jordan 4 nínú òkìríkà, ó mọ́ bíi tuntun. Ọjọ́ kejì tí mo wọ̀ ọ́, sóòlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà tó gbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ayédèrú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ojúlówó. Ẹ̀rí tí àwọn ọ̀rẹ́ yín mú wá yẹn kò bá ẹjọ́ mu.

Ohun tó wà láàárín sóòlù Jordan 4 ni fóòmù tí wọ́n ń pè ní polyurethane, tàbí PU. Ó nípọn, ó sì ń gba ìwọ̀n èèyàn dáadáa, àmọ́ omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni omi yìí ń já okùn tó so ara fóòmù náà pọ̀, títí kò fi sí ohun tó dì í mú mọ́. Tó bá ti tó bí ọdún 10, bó ti wù kí bàtà mọ́ tó, ó lè fọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Èyí tí wọn kò wọ̀ rárá gan-an ló tètè ń bàjẹ́, nítorí pé títẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ fóòmù ló ń lé omi jáde lára rẹ̀. Ẹ wá fi ooru àti ọ̀rinrin Èkó kún un, pẹ̀lú bí bàtà ṣe fún pọ̀ nínú bélì fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sínú páálí ní ìlú òyìnbó fún ọdún 12 kò mọ̀ pé ó ti kú sínú.

Nígbà míì tí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹ wo déètì inú bàtà kó tó di pé ẹ ń wo ẹwà rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ sóòlù lókè gìgísẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tó bá wọlé tó sì padà sípò, ó ṣì wà láàyè. Tó bá dún, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìkòkò sísán yọ, tàbí tí ọ̀dà ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ká imú bàtà náà díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ta. Bàtà tí sóòlù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà lásán, bíi Converse àti Vans, kì í fọ́ lọ́nà yìí. Èyí tí wọ́n fi EVA, irú fóòmù míì, ṣe máa ń le, ó máa ń pẹlẹbẹ, àmọ́ kì í di ìyẹ̀fun. Tí òkè Jordan yín bá ṣì dára, oníbàtà tó mọṣẹ́ lè gbé sóòlù míì sí i, ìyẹn tí owó iṣẹ́ kò bá ju owó bàtà lọ.

Ẹ má sì gbàgbọ́ pé gbogbo ohun tó bá ti inú bélì jáde jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú ń bẹ lẹ́sẹ̀ àwọn ará ìlú òyìnbó náà, ibi kan náà ni wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Fún tòkunbọ̀, ọ̀nà tí bàtà gbà gbó ni ẹ máa fi mọ̀. Awọ máa ń hun, ó máa ń ní ìlà tínínrín lójú ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká. Awọ irọ́ máa ń bó; ẹ ó rí ojú rẹ̀ tó ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ, tí aṣọ funfun yọ lábẹ́ rẹ̀.

Asáré Àárọ̀, Abẹ́òkúta: Mo fẹ́ ra Ultraboost ti adidas tí màá fi máa sáré. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé Boost gidi, fóòmù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?

Àtàǹpàkò yín tó. Ọdún 2015 ni Ultraboost jáde. Àwọn hóró kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì ń ṣe ni wọ́n fi ooru lẹ̀ pọ̀ di sóòlù rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó nítòsí, ẹ ó rí hóró kọ̀ọ̀kan bíi gúgúrú tí wọ́n kì mọ́ra, ìrísí ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́: ó máa wọlé bí tìmùtìmù, ó sì máa ta padà kíákíá. Lára ayédèrú, fóòmù lásán ni, wọ́n kàn fi mọ́ọ̀dù ya hóró sójú rẹ̀. Ó le, àwọn hóró náà sì ń tún ara wọn ṣe bí àwòrán ara àńkárá. Ọ̀pọ̀ Ultraboost ní rọ́bà Continental nísàlẹ̀, orúkọ náà á sì wà lára rẹ̀ kedere. Fún ẹni tó ń sáré, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ: fóòmù líle kì í gba agbára tí ẹsẹ̀ fi ń balẹ̀, orúnkún àti gìgísẹ̀ ló máa gbà á.

Ọlọ́jà Kékeré, Yaba: Àwọn tí mò ń rajà lọ́wọ́ wọn ní «1:1» ni tàwọn, pé ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe ti Nike ló ṣe é, pé lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀. Ṣé mo lè pè é ní ojúlówó fún oníbàárà? Ṣé tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò sì wúlò láti fi yẹ̀ ẹ́ wò?

Rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Nike kì í fúnra rẹ̀ ṣe bàtà. Ó ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Vietnam, Indonesia àti Ṣáínà. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ìlú Putian ní Ṣáínà, tó lókìkí fún ayédèrú, ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ bàtà ńlá rí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó wá lọ ń ṣe ọjà tirẹ̀ lórúkọ ọ̀gá láìgba àṣẹ, ayédèrú ló ń ṣe, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dára tó. «1:1», «mirror», «master quality», «grade A»: ohun kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ yìí ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ojúlówó ní grade.

Ẹ bi wọ́n fún ìwé rira tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti kóòdù bàtà. Tí kò bá sí, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé ọjà náà, owó yín á sì wọmi.

Ní ti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ elésè àlùkò tí ẹ béèrè, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ni. Ó wúlò. Nínú òkùnkùn, ó máa ń mú kí gọ́ọ̀mù àti ìlà tí wọ́n fà kí wọ́n tó lẹ sóòlù tàn lára ayédèrú. Ṣùgbọ́n okùn funfun àti òwú funfun máa ń tàn lára ojúlówó náà, ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá ń fà á. Gọ́ọ̀mù tó kọjá ààlà ni kí ẹ wá.

Ẹni Tí Wọ́n Ti Lù Ní Jìbìtì, Òṣogbo: Mo ti sanwó, ẹni tó gbé e wá ti lọ, mo sì ti rí i pé ayédèrú ni. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yára, torí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ẹ má pè é lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ lè wà nílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní pàtó: kóòdù tí kò bá páálí mu, ìlà sáìsì, sóòlù tí kò ní ìrán. Ẹ fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan tì í. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi pè é ní ojúlówó, ìpolówó rẹ̀, àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kó tó pa wọ́n rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí kẹta, ẹ lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí CheckCheck tàbí Legit App, àwọn áàpù tó ń bá èèyàn yẹ bàtà wò. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, èrò ẹni tó mọ bàtà sì ni wọ́n máa fún yín, kì í ṣe ìdájọ́. Tí ọlọ́jà bá kọ̀, àjọ FCCPC ló ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ọdún 2018 tó dá a sílẹ̀.

Ẹ má tà á fún ẹlòmíì ní ojúlówó kí ẹ lè rí owó yín. Títí tí ọ̀rọ̀ á fi yanjú, ẹ má wọ̀ ọ́ jáde, ẹ má já ohunkóhun kúrò lára rẹ̀, ẹ má sì ju bébà tó wà nínú imú rẹ̀ nù. Ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ ti lò ó. Nígbà míì tí dísípáàṣì bá gbé e dé, ẹ ya fídíò láti ìgbà tí téèpù ara nylon ṣì wà lójú ẹ̀ títí ẹ ó fi ká ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ sókè, kí ẹ sì bá ẹni tó ń tà á dá májẹ̀mú ṣáájú pé ẹ̀yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán ni owó tó máa wọlé.